Òjòlá Tó Kọ Òkété Ìyàwó

"Ejò tó kọ ẹran, kò kọ ẹni tó gbé ẹran wá." Bí ẹ bá ti jókòó ti àgbà rí níbi tó ti ń pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì, tàbí níbi tí ìyá kan ti ń sunkún pé ọmọ òun kò fẹ́ràn òun mọ́, ó ṣeé ṣe kí òwe yìí ti kọjá létí yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ, ṣé ẹ mọ ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ pa á? Ejò wo ni? Ẹran wo ló kọ̀? Ta ló gbé ẹran náà wá, kí ló sì dé tí a fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú? Òwe tó dárúkọ ẹran, tó tún dárúkọ ẹni tó gbé e wá, ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan gbé ẹran kan wá lóòótọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ní ìlú Òkè-Ìràwé, agbo-ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Olójòlá. Òjòlá kan ń gbé láàárín wọn, ejò ńlá tó gùn ju ènìyàn méjì tó na gbalaja lọ. Àmù ńlá kan tó ti sán létí, tí wọ́n dà dùbúlẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà ní àgbàlá ẹ̀yìn, ni ilé rẹ̀. Kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi rí, eku kò sì gbọdọ̀ yọjú sí àká wọn nítorí rẹ̀. Ìyá-Inú-Àmù ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ ilé náà bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni. Ọmọdé tó bá ṣèèṣì sọ pé "ó ti jẹun," ìgbájú ló máa gbà. "Wọ́n ti jẹun" ni kó sọ.

Obìnrin tó dàgbà jù ní agbo-ilé náà, Ìyá Ẹfúnyẹmí, ni olùtọ́jú òjòlá yìí. Fún ogójì ọdún, òun nìkan ló ń ṣí ìdérí tí wọ́n fi ọparun hun sí ẹnu àmù. Bí òjòlá bá fẹ́ jẹun, gbogbo àwọn tó kù á dorí kodò títí Ìyá yóò fi sọ pé, "Ó tó." Wọ́n ní a kì í wo àgbà lẹ́nu bó bá ń jẹun. Ìyá Ẹfúnyẹmí nìkan ni àṣà gbà láàyè láti wo ojú rẹ̀.

Àṣà kan tún wà nílé náà. Ìyàwó tuntun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkété kan fún Ìyá-Inú-Àmù lọ́jọ́ kẹta ìgbéyàwó. Bí òjòlá bá jẹ ẹ́, ìyàwó ti di ará ilé. Bí kò bá jẹ ẹ́, yóò gbé òmíràn lọ́jọ́ kẹfà. Bó bá tún kọ̀, yóò gbé ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹ̀kẹrin. Wọn á di ẹrù ìyàwó náà, wọn á dá a padà fún bàbá rẹ̀. Òjòlá kì í sábà kọ oúnjẹ, nítorí náà kò tí ì ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n dá ẹnikẹ́ni padà. Ẹnikẹ́ni ò sì jókòó bi ara rẹ̀ léèrè bí ọ̀ràn náà yóò ṣe rí lára ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ sí Àyọ̀ká.

Ọmọ apẹja ni Àyọ̀ká, láti abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀bá-Odò, ìrìn ọjọ́ méjì sí Òkè-Ìràwé. Akínlàjà, ọmọ Ilé Olójòlá tó ń hun aṣọ, ló gbé aṣọ lọ tà ní etí odò wọn, tó rí i níbi tó ti ń ya ẹja, tí kò sì rántí ìdí tó fi wá mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé Àyọ̀ká dé, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkété fún un, ẹ̀rù bà á díẹ̀, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹja tó ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná sára lòun ti ń mú láti kékeré, kí ni òjòlá máa fi òun ṣe?

Lọ́jọ́ kẹta, ó kúnlẹ̀ ní ẹnu àmù, ó gbé òkété sílẹ̀, ó dorí kodò. Ó pẹ́ kí Ìyá tó sọ pé, "Ó tó." Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, òkété wà níbi tí wọ́n gbé e sí, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu irun imú rẹ̀.

Àríkẹ́, ìyàwó àbúrò Baálé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n! Òkété yìí rò pé àlejò lòun. Ẹ bu omi fún un kó mu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Lọ́jọ́ kẹfà, òkété kejì ò tiẹ̀ jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ti ara òjòlá tó ká jọ, ó sì sùn lọ fọnfọn. Lọ́tẹ̀ yìí, Àríkẹ́ pàápàá ò rí ẹ̀fẹ̀ ṣe. Àyọ̀ká na ọwọ́, ó gbé òkété náà jáde, ó sì dìde láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Baálé Ògúnṣakin pe ilé jọ sábẹ́ igi ọ̀dán. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù tú ọ̀rọ̀ yìí wò. Kí ni àwọn ohun tó lè mú kí wọ́n má jẹun?"

Ẹnì kan ní, "Bóyá òtútù ni. Oúnjẹ kì í dà nínú ejò lásìkò òtútù."

"Òtútù wo? Nínú oṣù Èrèlé, tí ooru fẹ́ bó wa láwọ?"

"Bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni."

Baálé mi orí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jẹ àgbébọ̀ adìyẹ, oṣù ti lé, òmíràn ti fẹ́ lé. Ebi gbọ́dọ̀ ti máa pa wọ́n."

"Bóyá ẹyin ló wà níkùn wọn."

"Ẹyin báwo?" Àríkẹ́ ló dá a lóhùn. "Ọkọ dà? Àbí ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí ní àmù kejì tí ẹ ò fi han àwa ìyàwó?"

Ẹ̀rín sọ. Nígbà tó rọlẹ̀, Akínlàjà gbé ẹnu sókè. "Ẹ̀yin bàbá mi, ṣé kò lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ aṣọ?" Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé náà nìyẹn, bí ejò bá fẹ́ bọ́ awọ.

Àríkẹ́ fi àánú wò ó. Ó ti bá Akínlàjà nílé kó tó di ìyàwó ibẹ̀, nítorí náà kì í pe orúkọ rẹ̀. "Ọkọ mi kékeré, ìfẹ́ ìyàwó ti gbà yín níyè. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, ta ló máa ń sọ fún wa? Ṣebí Ìyá ni. Ìgbà gbogbo ni Ìyá máa ń sọ ọ́ ṣáájú, a kì í sì í gbé ìyàwó wọlé títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀ tán. Ṣé Ìyá tó ń wo ojú wọn kò wá ríran mọ́ ni?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ẹfúnyẹmí. Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì sọ pé, "Mi ò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Kò rí i. Ó ti tó ọdún méjì tí ìkùukùu ti ń bo ojú Ìyá Ẹfúnyẹmí díẹ̀díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni; ìyàwó tuntun kankan ò sì wọlé láàárín ìgbà náà. Ó ti fi ẹsẹ̀ ka ilé náà tán sínú orí rẹ̀, ó mọ iye ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí àmù. Bí òjòlá bá ń jẹun, etí ló fi ń ṣọ́ ọ: yóò gbọ́ kí ẹran dún lẹ́ẹ̀kan, yóò gbọ́ bí ara ejò ṣe ń ká, yóò sì sọ pé, "Ó tó." Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ilé bá mọ̀ pé òun ò ríran mọ́, wọ́n á fi ọ̀wọ̀ àti ìyẹ́sí gba ìdérí ọparun náà lọ́wọ́ òun, wọ́n á ní kí òun lọ jókòó sí yàrá. Ogójì ọdún kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bí ẹni gbé igbá omi.

Nítorí náà ni ilé ṣe yọ pípààrọ̀ aṣọ kúrò nínú ìṣirò wọn. Òtútù kọ́, àjẹyó kọ́, oyún kọ́, aṣọ kọ́. Nígbà tí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ tán, ohun kan ṣoṣo ló kù. Baálé ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: "Ìyàwó ni wọn ò gbà."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà fún Àyọ̀ká. Kò sẹ́ni tó bú u. Omi tó pọn ni wọn ò bù mu mọ́. Àwọn ọmọ tó ti ń tẹ̀ lé e kiri, ìyá wọn pè wọ́n wọlé. Akínlàjà jókòó sídìí òfì rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, kò hun tó ìka kan.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ, mo ń bá ọ lọ."

"Ẹ máa bá mi lọ síbo? Wọn á ní mo ti jí ọmọ wọn gbé mọ́ ọn." Ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá mi á bi mí pé, 'Àyọ̀ká, kí lo ṣe fún ejò?' Kí ni kí n sọ fún un? Ìyàwó tí ènìyàn bá kọ̀, ó lè bá òmíràn pàdé. Èyí tí òjòlá bá kọ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gbé e sílé?"



Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí ilé dá, Àyọ̀ká lọ bá Ìyá Ẹfúnyẹmí ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìyá ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Àyọ̀ká kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ kú ọ̀sán o. Mo ní kí n wá dágbére fún yín ni."

"Ta ló ní kí o máa lọ? Ọ̀la ò tí ì mọ́."

"Wọn ò ní í jẹun lọ́la náà, Ìyá. Ara wọn ò yá. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn. Bí mo bá ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wá oògùn ojú. Òjòlá yẹn ti fọ́jú."

Ọwọ́ Ìyá dúró lórí ẹ̀gúsí. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Lọ́jọ́ kẹfà, nígbà tí mo fẹ́ gbé òkété tó ń sùn, orí wọn wà ní ẹnu àmù. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ wò ó, Ìyá. Ojú méjèèjì funfun."

"Funfun bí ẹfun, tàbí funfun bí omi ògì?"

"Bí omi ògì. Ó tún fẹ́ jọ aró díẹ̀."

"Ara rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń dán?"

"Kò dán rárá. Ó ṣú, bí ìkòkò tó ti pẹ́ lẹ́yìn ilé."

Ìyá mí kanlẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ náà kà sílẹ̀ ló mọ̀, bí ènìyàn ṣe mọ ojú ọ̀nà oko rẹ̀. Ó bèèrè pé, "Ta lo ti sọ fún?"

"Kò sẹ́ni kankan."

"Láti ìjẹta! Wọ́n ń da omi tí o pọn nù, o sì dákẹ́?"

Àyọ̀ká wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wo ojú wọn, Ìyá. Bí mo bá sọ níta pé mo rí ohun kan níbẹ̀, wọ́n á bèèrè ìdí tí ẹ̀yin ò fi rí i. Kò lè gbà mí, ó kàn máa kó bá yín ni."

"O mọ̀, àbí?"

"Láti ọjọ́ kejì tí mo dé. Ẹ ń fi ọwọ́ wá ife tó wà níwájú yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá-ìyá mi rí kó tó kú. Èmi ni mo máa ń gbé àpótí kúrò lójú ọ̀nà yín láàárọ̀."

Bí Ìyá bá dákẹ́ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ apẹja ni Àyọ̀ká. Kò mọ ohun tí ojú funfun ń sọ lára ejò, kò mọ̀ pé ohun tó lè yọ òun ló ti ẹnu òun jáde yẹn. Ọ̀la ni yóò ru ẹrù rẹ̀, tí yóò sì gbé àṣírí Ìyá lọ sí etí odò.

Ìyá sọ pé, "Bomi wá, kí n fọ ọwọ́. Ọwọ́ tó bá ń rùn oúnjẹ, a kì í fi í kan ejò. Kí o sì mú mi dé ìdí àmù."

Ó ti lé ní ọdún kan tó ti fi ọwọ́ kan òjòlá gbẹ̀yìn. Àyọ̀ká ṣí ìdérí, Ìyá sì fi ìka rẹ̀ wá ara ejò náà nínú òkùnkùn àmù, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn. Awọ náà gbẹ, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí èèpo àlùbọ́sà. Òjòlá fà sẹ́yìn, ara rẹ̀ gbọ̀n.

"Má bínú," Ìyá sọ fún un. "Ojú ń dùn ọ́, èmi náà sì wá ń yọ ọ́ lẹ́nu." Ó yí sí Àyọ̀ká. "Lọ tú ẹrù tí o dì."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ilé ti pé sí àgbàlá ẹ̀yìn. Akínlàjà gbé òkété kẹta wá nínú àgò; ojú rẹ̀ pọ́n. Kí Àyọ̀ká tó kúnlẹ̀, Ìyá Ẹfúnyẹmí na ọwọ́ síwájú.

"Ẹ gbé òkété yẹn padà. Baálé, ẹ dákun, ẹ na ìka yín sókè."

Ẹnu ya Baálé, ṣùgbọ́n ó nà á.

"Mélòó ni wọ́n nà?" Ìyá bi ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ti mọ̀."

Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ò ga, kò sì gbọ̀n.

"Aṣọ ni Ìyá-Inú-Àmù ń pààrọ̀. Bí aṣọ tuntun bá ń hù lábẹ́ ti àtijọ́, ìkùukùu á bo ojú wọn. Wọn ò ní í ríran, ara á máa ta wọ́n, gbogbo ohun tó bá sún mọ́ wọn á máa bà wọ́n lẹ́rù. Bí ẹ gbé màlúù síwájú wọn, wọn ò ní í jẹ ẹ́. Èmi ló yẹ kó sọ fún yín kí ìyàwó tó wọlé. Mi ò sọ, nítorí mi ò rí i, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò ríran. Ọmọ yìí mọ̀ pé mi ò ríran. Ó fẹ́ gbé ẹ̀gàn lọ sílé bàbá rẹ̀ kí n lè jókòó pẹ̀lú iyì."

Baálé Ògúnṣakin ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, ó ká ìka rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé pé wọn ò kọ ìyàwó nìyẹn, Ìyá?"

"Kí ni wọ́n mọ̀ nípa ìyàwó? Ẹ ti rí ẹni tí orí ń fọ́, tó ń yan ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá? Ejò tó kọ ẹran, kò kọ ẹni tó gbé ẹran wá."

Àríkẹ́ ti ń nu ojú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀. "Ìyá, gbogbo àárọ̀ tí ẹ ń pè mí ní arẹwà yìí, ṣé ẹ ò rí mi ni?"

"Ohùn rẹ ni mo ń rí," Ìyá dá a lóhùn. "Òun náà kò burú."

Ẹ̀rín àti ẹkún bú jáde pọ̀. Àríkẹ́ ló kọ́kọ́ lọ sídìí ìkòkò omi Àyọ̀ká. Ó bù ú kún igbá, ó mu ún tán níṣojú gbogbo ilé, ó tún bù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ojú òjòlá mọ́. Ní ọjọ́ keje, Àyọ̀ká bá awọ rẹ̀ àtijọ́ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, odindi, láti imú dé ìrù. Ó gbé e fún Ìyá, Ìyá sì fi ìka tẹ̀ lé e títí ó fi dé òpin. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ilé dorí kodò, Àyọ̀ká gbé òkété sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Baálé sì pàṣẹ pé kò sí òjòlá tí yóò tún dá ìyàwó padà nílé òun láé. Ní ti ìdérí ọparun, wọn ò gbà á lọ́wọ́ Ìyá. Ìyá ló ń kí òjòlá, Àyọ̀ká ló ń bá a wo ojú rẹ̀, títí ọjọ́ tí Ìyá fi wọlẹ̀.

Bí òwe náà ṣe jáde kúrò ní Òkè-Ìràwé nìyẹn, àwọn tó sì ń pa á báyìí ò fi ejò pè é mọ́. Bí o bá gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣọ̀fọ̀, tó ní kí o gbé e padà. Bí ọmọ rẹ bá dé láti ìrìn àjò, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí kò dá ọ lóhùn. Bí aláìsàn bá fi ọwọ́ ti ọwọ́ rẹ dànù, tí ó dùn ọ́ dé ọkàn, tí o fẹ́ máa lọ: ìgbà yẹn ni àgbà yóò dì ọ́ mú. Yóò ní kí o má kà á sí ìkórìíra, kí o wádìí ohun tó ń ṣe é ná. Ejò tó kọ ẹran, kò kọ ẹni tó gbé ẹran wá. Sún mọ́ ọn, kí o wo ojú rẹ̀.